Ọlọ́rọ̀ yẹn mọ orúkọ Lásárù

Ẹ̀yin ará, èrò ọkàn mi nìyí o. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó fèsì.

A ti gbọ́ ìwàásù lórí Lúùkù orí 16 títí ó fi fẹ́ sú wa. Ọlọ́rọ̀ kan ń wọ aṣọ elésè àlùkò, ó ń jẹ adùn lójoojúmọ́. Lásárù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ajá ń lá egbò rẹ̀. Àwọn méjèèjì kú: Lásárù lọ sí oókan àyà Ábúráhámù, ọlọ́rọ̀ lọ sínú iná oró. Iná ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń sáré lọ bá. Ní tèmi, ẹsẹ 24 ló ká mi lára jù: nínú oró yẹn, ọlọ́rọ̀ ní kí Ábúráhámù rán Lásárù wá, kó fi omi tu òun láhọ́n.

Àṣé ó mọ orúkọ rẹ̀! Kò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ń jìyà lẹ́nu ọ̀nà òun. Ẹ wá wo ìgbéraga. Iná ń jó o, síbẹ̀ kò bá Lásárù sọ gbólóhùn kan. Kò ní, "Jọ̀ọ́, má bínú." Ábúráhámù ló kọjú sí, àfi bíi pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni Lásárù. Nígbà tí ìyẹn ò bọ́ sí i, ó tún fẹ́ rán an lọ bá àwọn arákùnrin rẹ̀ márùn-ún nílé. Owó ti lọ, ìwà owó ò lọ.

Nítorí náà, mi ò bá àwọn tó ń pe owó fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ábúráhámù tí Lásárù wà ní oókan àyà rẹ̀ náà lọ́rọ̀ púpọ̀, Gẹ́nẹ́sísì 13 sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìsíkíẹ́lì sì ka ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù (16:49), ìgbéraga ló kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà àjẹyó àti ìdẹ̀ra, kó tó wá kan òtòṣì tí wọn ò ràn lọ́wọ́. Dáníẹ́lì náà mọ̀ ọ́n. Kò ní kí Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, lọ gbààwẹ̀. Ó ní kó ṣe òdodo, kó ṣàánú tálákà. Lẹ́yìn oṣù 12, ọba ṣì ń rìn kiri láàfin, ó ń fi Bábílónì tó kọ́ yangàn. Ọba yẹn náà ló padà jẹ koríko bíi màlúù.

Àánú pàápàá, a ti fi ìgbéraga lú u. Ká tó gbé ẹrù oúnjẹ fún opó, a ó ní kó dúró dáadáa, kó wo kámẹ́rà, kó rẹ́rìn-ín. Fèrè tí Jésù ní ká má fọn nígbà tá a bá ń ṣàánú ti wá di fídíò. Bí opó yẹn bá sì wá sí ìsìn, ta ló ń fún un ní àga iwájú? Jákọ́bù ti bínú sí èyí tipẹ́ nínú lẹ́tà rẹ̀, pé à ń fún olówó ní àga, a sì ń ní kí tálákà dúró.

Òfin tó wà nínú Léfítíkù 19 wù mí ju gbogbo ìpín-fúnni wa lọ. Ẹ má kórè dé igun oko, ẹ má padà ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ti tálákà àti àlejò ni. Tálákà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kórè, kò ní tò, kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bóásì tó lówó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Rúùtù, opó àlejò tó wá ṣa ọkà nínú oko rẹ̀: ó ní kí àwọn ọmọkùnrin òun mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà yọ nínú ìdì sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí.