Kẹ́hìndé Fi Ọdún Mẹ́fà Ju Táyé Lọ

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa bá mi jiyàn pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò, kí òun náà tó fara balẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo débi ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì kan ládùúgbò wa lẹ́bàá Sábọ̀, ní Ìkòròdú níbí, mo bá kéèkì méjì lórí tábìlì. Wọ́n kọ 18 sórí ti Táyé, wọ́n kọ 24 sórí ti Kẹ́hìndé. Ìyá wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, ó ń wolẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n bi í léèrè bó ṣe rọbí ọdún mẹ́fà, àfi bí mo ṣe rántí pé wọn ò tíì gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dé ọ̀dọ̀ mi. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Atamátàsé ni Táyé. Ẹ má pè é ní agbábọ́ọ̀lù lásán o, bàbá rẹ̀ ò ní dá yín lóhùn.

Láyé ijọ́sí, bí èèyàn bá ní òun ní ọmọ lókè òkun, dókítà ni tàbí nọ́ọ̀sì. Ní Ìkòròdú ti ìsinsìnyí, ilé tí kò bá ní atamátàsé kan nílẹ̀ òkèèrè, tàbí èyí tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ilé ọ̀hún ò tíì di ilé. Ẹ lọ sí pápá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ọmọ méjìlélógún ló ń sáré kiri, atamátàsé méjìlélógún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró lẹ́yìn. Èyí tí kóòṣì bá fi ṣọ́lé, ìyá rẹ̀ á dé lọ́jọ́ kejì, á ní kí lọmọ òun ṣe tí wọ́n fi sọ ọ́ di mẹ́gáàdì.

Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ní ilé mẹ́ta ló gbé piọ́ wọ́tà lé ọmọ rẹ̀ lórí pé kó máa lọ tà á nínú gosúló Gáréèjì. Ó ní ṣebí Victor Osimhen ta omi nínú gosúló Èkó, Galatasaray ti ilẹ̀ Tọ́kì sì rà á ní mílíọ̀nù 75 owó Yúrò ní 2025. Mo ní, ìyáàfin, àwọn ọmọ tó ti ń ta omi ní Gáréèjì látọjọ́ yìí ńkọ́? Ó ní àwọn yẹn ò ní bàtà bọ́ọ̀lù. Góòlù mẹ́wàá tí Osimhen gbá wọlé ní Chile níbi ìdíje àgbáyé U-17, ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ, ní 2015, ìyẹn ò kàn án. Pé ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù kọ̀ ọ́ kí Charleroi tó gbà á, ìyẹn ò wọ̀ ọ́ létí. Omi ló rí.

Bàbá Ìbejì ní tirẹ̀, Rashidi Yekini, atamátàsé Nàìjíríà ijọ́sí, ló gbà gbọ́. Kì í ṣe Yekini tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Íbàdàn, tó tún lọ ṣe làálàá ní Abidjan kó tó dé Setúbal ní ilẹ̀ Potogí o. Yekini ti ọdún 1994 nìkan ló mọ̀, ìgbà tó gbá góòlù wọlé Bulgaria ní ìdíje ife àgbáyé, tó na ọwọ́ méjèèjì gba inú àwọ̀n, tó ń ké. Bọ́tí bá ti wọ Bàbá Ìbejì lára, kọ́tìnì onílé ló máa dì mú. Á ki orí bọ̀ ọ́, á máa mì ín tẹkún-tẹkún. Kọ́tìnì tó ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ládùúgbò wa kì í ṣe ẹyọ kan. Èmi náà ti ń ká tèmi sókè bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo gbà á nímọ̀ràn nígbà kan pé Ikorodu City rèé, wọ́n ti bọ́ sí NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ wa, ní 2024, kí Táyé lọ gbìyànjú níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ṣépè. "Kí ọmọ mi máa wọ bọ́ọ̀sì lọ Màídúgúrì?"

Bó ṣe dé kóòtù nìyẹn. Ó mú ọmọ ọdún 22 lọ búra ọjọ́ orí, ó mú ọmọ ọdún 16 bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní ẹni tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ ṣí lọ gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi fún ìdí díẹ̀ tí kò kan ará Sábọ̀. Bàbá ti gé aṣọ kúrú jura lọ! Táyé tó ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀ wá jókòó sílé fún ọdún méjì gbáko, ó ń dúró kó dàgbà. Ẹnìkan tún lọ sọ fún un pé láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ U-17 láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọjọ́ orí náà lọ. Láti ọjọ́ náà ni Táyé ti ń wọ aago ńlá.

Kéèkì méjì tí mo wí yẹn, àríyá ìrìn-àjò Táyé ni pẹ̀lú. Ó lọ lóòótọ́. Ìlú tó wà, bàbá rẹ̀ ò lè pè é, "Yúróòpù" ló ń wí. Fídíò tó fi hàn wá, èrò ìwòran inú rẹ̀ ò kún dánfó méjì. Síbẹ̀, kò sí àríyá tí wọn kì í gbé Bàbá Ìbejì jókòó sí iwájú, jẹ́sì ọmọ rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Mo sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, pé Liverpool ra Taiwo Awoniyi ní 2015, wọ́n sì yá a kiri bí àga àti kánópì, ẹ̀ẹ̀méje, láìgbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ni ayé tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹlẹ́gbẹ́ ọmọ mi ni. Táyé kan náà ni wọ́n."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí Táyé pè lórí WhatsApp. Fìlà otútù ló dé, kò wo ojú bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé, wẹ́dà ni, èérún irin ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbé fóònù lọ sí kọ̀rídọ̀, èmi náà sì wà nítòsí, mò ń wá bàtà mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Táyé wí, ẹ̀rín ń pa á, kì í ṣe ẹ̀rín gan-an, "ẹ káàsán, sà. Wọn ò tíì san owó oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò yín."

Mo gbọ́ ohùn bàbá wọn láti pálọ̀, ó ń sọ fún àlejò: "Ẹ jẹ́ kí ariwo dínkù. Táyé àti Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ owó."