Ewé àtọ̀gbẹ: iṣẹ́ ìwádìí kò gbọdọ̀ parí sórí eku

Ó ṣòro kí ènìyàn dé ọjà nílẹ̀ Yorùbá kí ó má rí ẹni tí yóò ta àgbo ìtọ̀ ṣúgà fún un. Inú ike omi ni ó máa ń wà, ó dúdú, ó sì korò, ẹni tí ó ń tà á yóò sì fọwọ́ sọ̀yà pé láìpẹ́ aláìsàn yóò padà sídìí ẹ̀bà rẹ̀. A kò sọ pé irọ́ ni ewé náà. Ohun tí a ń sọ ni pé wọn kò tíì dán an wò dé ibi tí ó yẹ, ẹ̀bi ìjọba ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa ti ń fún eku alátọ̀gbẹ ní omi ewúro àti ejìnrìn, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà sì ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan a máa fún ewúro títí yóò fi hó, òmíràn a máa fọ gbogbo kíkorò rẹ̀ dànù. Èwo nínú wọn ni oògùn? Báwo ni àgbàlagbà yóò ti mu tó, kí ni yóò sì ṣe fún kíndìnrín rẹ̀? Eku kò lè dáhùn ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé. Metformin tí dókítà máa ń kọ fún ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ, ara ewéko Yúróòpù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Galega officinalis ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Èròjà inú ewéko náà ní májèlé, nítorí náà ni wọ́n ṣe wá èyí tí ó rọ̀ jù ú lọ. Wọ́n ṣe metformin ní 1922, ṣùgbọ́n 1957 ni Jean Sterne, dókítà ará Faransé, tó tẹ àbájáde ìlò rẹ̀ lára aláìsàn jáde.

A ti ṣe irú rẹ̀ rí nílé. Ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ní Àbújá, ti gba àgbo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tí iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn kí ó tó di oògùn tí wọ́n ń pè ní Niprisan. Nígbà tí gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé e fún lọ́rùn, iṣẹ́ náà tutù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí owó àdánwò ewúro àti ejìnrìn wà nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀, kí àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ṣe é, kí ìpín oníṣègùn tí ó mú ìmọ̀ wá sì wà lákọsílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Lára ìgò kan náà ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́, ní lẹ́tà wínníwínní, pé àjọ náà kò gbé ohun tí olùtajà ń sọ yẹ̀ wò. Kí àjọ náà pa ìpolówó “ó ń wò ó sàn pátápátá” lẹ́nu mọ́ lórí rédíò.

Títí àdánwò yóò fi wáyé, kí aláìsàn má ju oògùn rẹ̀ nù nítorí àgbo, kí ó má sì fi àgbo pamọ́ fún dókítà, nítorí méjèèjì lè jọ fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, kí ó dákú. Dókítà tí ó ń jágbe mọ́ aláìsàn nítorí àgbo ni ó ń kọ́ ọ láti fi í pamọ́. Kí ó bi í ní ewé tí ó ń mu àti bí ó ṣe ń mu ún, kí ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì.