Òrí ò lè dá oòrùn dúró o, ẹ má gbọ́kàn lé e

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òrí yìí ti ń kọ mí lóminú gan-an. Gbogbo ìgbà ni mò ń rí fídíò tí wọ́n ti ń sọ pé tí èèyàn bá ti fi òrí para, kò nílò sunscreen, ìyẹn ìpara tí wọ́n ṣe láti dá oòrùn dúró lára, mọ́, pé òrí gan-an ni sunscreen tí Ọlọ́run fún wa, pé kẹ́míkà lásán ló kún inú àwọn tí wọ́n ń rọ sínú ike. Àwọn èèyàn á sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ọ̀rọ̀, ìyá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn òrí, òun ni mo fi ń para, mi ò sì ní jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òrí kì í ṣe sunscreen, ẹni tó bá sì tìtorí pé òun ti fi òrí para dúró sínú oòrùn, oòrùn yẹn ń jẹ awọ ara ẹ̀ lọ ni.

Ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá ò jìnnà sí òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó fà tu lọ́kàn àwọn èèyàn. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú òrí, oleic acid àti stearic acid ló kó apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ apá kan wà nínú ẹ̀ tí kì í di ọṣẹ tí wọ́n bá fi òrí se ọṣẹ, apá yìí sì pọ̀ nínú òrí ju bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ epo míì lọ. Ibẹ̀ ni àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cinnamate wà, àwọn yẹn sì máa ń fa ìtànṣán UV mu díẹ̀, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní UVB tó máa ń jó awọ ara, láti nǹkan bíi 250 sí 310 nanometer (òun ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìtànṣán). Bí àwọn kan ṣe gbọ́ èyí báyìí ni wọ́n bá gbé e kiri pé òrí ń dá oòrùn dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà yẹn dáadáa ná. Ìtànṣán oòrùn tó kéré sí 290 kì í dé ilẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ozone tó wà lókè lọ́hùn-ún ti gbé e mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé apá tó pọ̀ nínú ohun tí òrí lè fà mu, kì í dé ara ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ku UVA, irú ìtànṣán UV kejì, tó bẹ̀rẹ̀ láti 320 tó lọ dé 400, òrí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ UVA yìí ló ń wọnú awọ ara jù, òun ló ń jẹ́ kí awọ hunjọ kí ọjọ́ tó lọ, òun náà ló ń dá kún àwọn àpá dúdú ojú tí a ń ra oríṣiríṣi kíríìmù sí.

Àwọn míì á ní àwọn mọ̀ pé kò lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n SPF 6 ṣáà ni, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe lágbára tó láti gba awọ ara lọ́wọ́ jíjó oòrùn. Ta ló wọ̀n ọ́n? SPF kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fẹnu sọ, lórí awọ ara èèyàn ni wọ́n ti ń dán an wò, mílígíráàmù 2 ni wọ́n máa ń fi pa sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ó nípọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń para lọ dáadáa. Òrí igi yìí ò sì rí bákan náà pẹ̀lú òrí igi tọ̀hún, bí wọ́n ṣe sè é àti bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ náà máa ń yí ohun tó wà nínú ẹ̀ padà, torí náà kò sí ẹni tó lè mú òrí inú ike ẹ̀ dání kó búra pé SPF báyìí ló ní. Ká tiẹ̀ gbà pé 6 ni lóòótọ́, 30 sókè làwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ń sọ pé ká lò, ìyẹn tó ń dá nǹkan bíi ìdá 97 nínú 100 UVB dúró, kó sì jẹ́ èyí tó ń bójú tó UVA pẹ̀lú. Àjọ FDA tiwọn níbẹ̀, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní lísìtì àwọn èròjà tí wọ́n gbà láàyè pé kó ṣiṣẹ́ sunscreen, òrí ò sí níbẹ̀.

Tí ẹ ò bá gba gbogbo èyí gbọ́, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń so aago mọ́wọ́ lójoojúmọ́ tó sì ń fi òrí para láràárọ̀. Gbogbo apá yẹn ló fi òrí pa, abẹ́ aago àti ibi tí kò sí aago, ìkan ni wọ́n. Ẹ ní kó bọ́ aago náà. Ẹ máa rí i pé abẹ́ ẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ, ààlà ẹ̀ á hàn bí ìlà. Ẹ wo ẹsẹ̀ náà, ibi tí okùn sáńdàlì máa ń gbà. Òrí wà níbi méjèèjì o. Aago àti okùn bàtà ló dá oòrùn dúró.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àwa aláwọ̀ dúdú ò nílò gbogbo wàhálà yìí. Melanin, èròjà tó ń mú awọ ara dúdú, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní 1979 fi hàn pé awọ òkè ara aláwọ̀ dúdú ń ṣe bíi SPF 13.4, tàwọn òyìnbó jẹ́ 3.4. Ṣùgbọ́n 13 yẹn náà ò tó fún gbogbo ọjọ́, àpá dúdú sì ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù, àpá irorẹ́ tó yẹ kó ti lọ, oòrùn á tún máa kùn ún.

Iṣẹ́ tí òrí mọ̀ ọ́n ṣe, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kékeré sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka rò ó díẹ̀, torí ooru ara nìkan tó láti yọ́ ọ, ó máa kọ́kọ́ rí hóróhóró kó tó di epo. Ẹ wá fi pa ara tó ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀. Òrí ò ní omi nínú, kò lè fún awọ ara lómi, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo omi tó ti wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà gbẹ lọ, bí ọmọrí ṣe ń ṣe fún ìkòkò. Ètè tó bó, gìgísẹ̀ tó là, ìgbọ̀nwọ́ tó funfun, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó. Ti àpá oyún tí wọ́n ń sọ pé ó ń pa rẹ́, ẹ̀rí ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ara rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo méjèèjì, òrí ló máa ṣáájú, díẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kó wọlé, kẹ́ ẹ tó fi sunscreen lé e. Ẹ má fi òrí pa lórí sunscreen, ẹ máa kàn gbá a kúrò lójú ibi tẹ́ ẹ fi sí ni. Ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì tẹ́ ẹ bá wà níta, àti lẹ́yìn òógùn tàbí omi. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń ra ìyẹ̀fun zinc oxide tí wọ́n ń pò ó mọ́ òrí nílé, ẹ dákun ẹ fi í sílẹ̀. Zinc dáa, òun fúnra ẹ̀ wà nínú sunscreen gidi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fọwọ́ pò ó, á ṣù jọ síbì kan, ibòmíì ò ní ní nǹkan kan, ojú ò sì lè rí i.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù ni àwọn àfín àti àwọn ọmọ ọwọ́. Awọ ara àfín ò ní melanin tó máa gbà á sílẹ̀, jẹjẹrẹ awọ ara sì wà nínú ohun tó ń gba ẹ̀mí wọn ní kékeré, ìyá tí wọ́n sọ fún pé òrí ti tó fún ọmọ ẹ̀, wọ́n ti ṣe é níkà láìmọ̀. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, fìlà tí etí ẹ̀ fẹ̀, òjìji, àti sunscreen tó lágbára lójoojúmọ́, ohun tí ọmọ yẹn nílò nìyẹn, kí òrí wá lẹ́yìn. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà ní tiẹ̀, ẹ má gbé e sínú oòrùn rárá, aṣọ àti òjìji ni sunscreen tiẹ̀.

Tí oòrùn bá sì ti jó èèyàn tán, tí ara pọ́n tó ń gbóná, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé òrí nípọn lé e, ṣe ló máa há ooru náà mọ́ inú. Omi tútù, aṣọ tútù, kí ara kọ́kọ́ balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì-kẹta tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ tó ń bó, ẹ lè mú òrí yín jáde wàyí.