Àtúnṣe: New York ni wọ́n ti ṣe eré Mama
Àwọn kan ń pín in kiri pé San Francisco ni wọ́n ti ya eré tẹlifíṣọ̀n Mama, pé Irene Dunne sì ni ìyá inú rẹ̀. Irọ́ ni. Inú ìtàn nìkan ni ìdílé Hansen, àwọn àtìpó láti Nọ́wè, ti gbé San Francisco. New York ni CBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti ń ṣe é láti 1949. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni àwọn òǹwòran ń wò ó nílé. Ẹni tó bá ṣìsọ, ó ti bọ́! Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ní 1957 ni wọ́n tó ń ká a sórí fíìmù. Peggy Wood, ọmọ Brooklyn, ló ṣe ìyá. Ti Dunne, sinimá I Remember Mama ti ọdún 1948, tó sọ ìtàn ìdílé yìí kan náà, ni.