Ẹ má tíì bá mi yọ̀ nítorí Alonso

Látọjọ́ tí Baltimore Orioles, ẹgbẹ́ baseball kan ní Amẹ́ríkà, ti gba Pete Alonso, agbá-baseball, ní December 2025, ọkọ àǹtí mi ò jẹ́ ká sinmi mọ́ lórí WhatsApp ẹbí. Ọdún 5, mílíọ̀nù 155 dọ́là! Bọ̀dá ń fi fídíò ijó ránṣẹ́. Èmi fi fọ́tò Chris Davis, agbá-baseball Orioles tẹ́lẹ̀, dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí n má fi ẹnu burúkú ba ayọ̀ àwọn jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa jẹ ìyà yẹn ò lè gbàgbé. First base, àyè kan náà tí Alonso ń dúró sí nínú pápá, ni Davis ń dúró sí. Ó gbá home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) 53 lọ́dún 2013, 47 lọ́dún 2015. Bó ṣe di January 2016, wọ́n kó mílíọ̀nù 161 lé e lọ́wọ́ fún ọdún 7, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ọdún. Láti September 2018 wọ April 2019, at-bat 54 (ìgbà tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù) ló lò léra wọn láìrí hit kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kò gbá bọ́ọ̀lù kan tó gbé e dé base. Ariwo yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń kí i nínú pápá tirẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2021, síbẹ̀ wọ́n á máa san owó rẹ̀ títí di 2037. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó buwọ́ lùwé á ti pé 21!

Bí a ṣe ń ra tòkunbọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó ń tà á á máa ròyìn bó ṣe sáré ní Jámánì, èmi ni màá wà á lójú títì Ìbàdàn. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé owó kì í ṣe ti bàbá mi.

Àmọ́ Bọ̀dá mọ ibi tí wọ́n á ti mú mi. "Ta ló pe àwọn Orioles ní ahun nígbà tí Corbin Burnes lọ?" Èmi ni o, lójú ìwé yìí gan-an. December 2024, ẹgbẹ́ Arizona fún Burnes, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Orioles, ní mílíọ̀nù 210 fún ọdún 6. Nígbà tó fi máa di June 2025, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ìgúnpá fún un.

Alonso ò sì pa eré kankan jẹ lọ́dún 2024 àti 2025, 162 nínú 162 lọ́dún méjèèjì. Mo mọ̀. Ọdún 5 ni, kì í ṣe 7. Ìyẹn náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé 31...

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ èsì fún Bọ̀dá láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pa á rẹ́.