Ta ló ní dọ́là ń dúró de gbogbo ẹni tó bá ti mọ kọ̀ǹpútà?

Wọ́n tún ti gbé e dé. Níbi ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, a ń wá ohun tí a máa fi owó ẹgbẹ́ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, bọ̀ọ̀dá kan bá dìde, wọ́n ní ká sáà kọ́ wọn ní coding, ìyẹn kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, fún oṣù mẹ́ta: "Inú yàrá wọn ni wọ́n á ti máa gba dọ́là." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa tèmi.

Ṣé ẹ gbọ́ nípa Andela, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní coding? Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014. Wọ́n á ṣa àwọn ọmọ tí orí wọn pé, wọ́n á kọ́ wọn, wọ́n á máa sanwó oṣù fún wọn, wọ́n á sì fà wọ́n lé àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun lọ́wọ́. Owó Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, tìkára rẹ̀ wọ ibẹ̀ ní 2016. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2019, wọ́n ní kí bíi 400 nínú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú iṣẹ́ náà máa lọ sílé, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Kí ló dé? Àwọn oníbàárà ò fẹ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́, ẹni tó ti gbówọ́ ni wọ́n ń wá. Bí àwọn yẹn ò bá rí ẹni gba àṣàyàn ọmọ lọ́wọ́ wọn, ta ni yóò gba ọmọ olóṣù mẹ́ta tiwa?

Wọ́n á ní iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Remotasks, ìkànnì kan tó ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tilẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2024. Lórí Upwork, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ ti ń wá oníbàárà, owó lẹ máa fi ra àyè láti tọrọ iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ka ohun tí ẹ kọ. Mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná o. Ní ti àwọn tó ń fi dọ́là hàn lórí Instagram, ẹ wò ó dáadáa, kóòsì ni wọ́n ń tà.

Lóòótọ́, mo mọ ẹnì kan ní Ṣágámù tó ń gba dọ́là. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó kó tó bọ́ sí i.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, ojú mi ló ń ṣe. Àwọn ọmọ á jókòó, wọ́n á máa tọrọ iṣẹ́ òyìnbó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọbìnrin tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi, pósítà òkú ló ń ṣe. Wọ́n á gbé fọ́tò ìyá arúgbó tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó wá, á gé àwọn tó dúró tì í kúrò, á tún gèlè tó wọ́ ṣe, á sì gba gbogbo owó rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, torí lẹ́yìn òkú, olówó ìnáwó kì í gbé fóònù. Náírà ni, ìlú yìí náà ni wọ́n ti ń san án, ó sì ń wọlé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.