Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Lọ Ra Ọkọ̀ Ojú Omi ní Texas

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, owó ẹja ni ìyá mi fi rán mi ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ lúwẹ̀ẹ́. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Houston, wọn kì í gbà mí gbọ́, nítorí lójú tiwọn, ẹni tí a bí sétí omi gbọ́dọ̀ mọ omi bí ọ̀nì ti mọ̀ ọ́n. Wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni omi jẹ́ ní ilé wa, kì í ṣe eré. Bí ènìyàn bá wọ inú ọ̀sà láìmú àwọ̀n dání, wọn yóò bi í pé kí ni ó sọ nù síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Délé, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, sọ fún mi pé wakeboard ni òun fẹ́ máa ṣe, mo ní kí ó là á yé mi. Ó ní wọn yóò de ẹsẹ̀ òun méjèèjì mọ́ pátákó, òun yóò di okùn tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70 mú, ọkọ̀ yóò sì máa fi bíi máìlì 20 ní wákàtí kan wọ́ òun lọ lójú omi. Mo wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wò mí. Bí àwa bá rí ẹni tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi tí wọ́n sì ń fi okùn wọ́ ọ lọ, ohun tí ó jí ni a ó kọ́kọ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń ṣe é láti ọdún tí ó kọjá, nínú ọkọ̀ àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní adágún Lake Conroe, ojú sì ń tì mí pé ọmọ mi ń jẹ ilé onílé káàkiri. Mo ní ó yá, a ó ra tiwa. Mo wo iye owó tuntun, mo sì rí i pé àwọn tí wọ́n ṣe fún eré yìí gan-an máa ń ju 100,000 dọ́là lọ. Mo rọra pa kọ̀ǹpútà náà dé kí ìyàwó mi má baà rí i. Àlòkù ni ó kù. Ní Èkó, tókùnbọ̀ ni à bá pè é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọ̀nyí kò ti òkun bọ̀ láti ibì kankan. Èmi tí mo fẹ́ rà á gan-an ni tókùnbọ̀.

Mo ní a kò ní ná ju 15,000 dọ́là lọ, owó tí Ìyá Délé ti yà sọ́tọ̀ fún páànù ilé wa ní Ẹ̀pẹ́.

Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ lọ wò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, 8,000 dọ́là péré sì ni wọ́n pè é. Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, lítà mẹ́ta, agbára ẹṣin 135. Nígbà tí ó ku èmi àti ẹni tí ń tà á nínú rẹ̀, ńṣe ni ó ń sáré bí ìgalà, mo sì ti fẹ́ máa ka owó. Ṣùgbọ́n Délé ní kí a gbé e wò bí a ó ṣe máa lò ó. Ni ìyá rẹ̀ bá wọlé, Tóbi àbúrò rẹ̀ wọlé, àbúrò ìyàwó mi náà wọlé, ẹni tí n kò ní sọ bí ó ti tóbi tó nítorí àlàáfíà ilé mi, Délé sì bọ́ sínú omi lẹ́yìn pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ iná. Imú ọkọ̀ yọ sókè bí ti ọlọ́lá tí kò fẹ́ rí ará oko, ìdí rẹ̀ rì, ẹ́ńjìnnì ń ké gbọnrangandan, a kò sì kúrò lójú kan. Ọmọ mi wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó di okùn mú ṣinṣin, ó ń mu omi bí ẹni tí wọ́n ń fi àgbo rọ.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀. Kí ọkọ̀ tó lè fa ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde kúrò nínú omi bọ́ sórí omi, ìdìde yẹn gan-an ni ó sì ń gba agbára jù. Bí ó bá ti dìde tán, ìrìn tí ó kù kò le. Èyí tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí wọ́n ń ṣe eré yìí kì í fẹ́ kí ọkọ̀ wọn fúyẹ́ rárá. Ìgbì ńlá ni wọ́n ń wá, kí ọmọ lè fi fò, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi adágún sínú àwọn àpò ńlá nínú ọkọ̀, kí ìdí rẹ̀ lè rì dáadáa. Gálọ́ọ̀nù omi kan ṣoṣo wúwo ju pọ́ùn mẹ́jọ lọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálọ́ọ̀nù sì ni wọ́n ń dà sí i. Ní Ẹ̀pẹ́, bí omi bá wọ ọkọ̀, igbe ni à ń ké, igbá ni a sì fi ń gbọ́n ọn jáde. Níhìn-ín, wọ́n ń ra ẹ̀rọ tí yóò máa bu omi sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Ó hàn gbangba pé sìlíńdà mẹ́rin kò lè gbé irú ìwà bẹ́ẹ̀. V8, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Èkejì jẹ́ V8, ojúlówó ọkọ̀ wakeboard, 9,000 dọ́là. Owó tí ó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ti ta mí lólobó. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ohun tí mo rí lára rẹ̀ sì dà bí Bournvita tí wọ́n ti da mílíìkì sí. Ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì, ará Ìlá, tí mo mú dání, kàn mi orí. Omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti oṣù Èrèlé ọdún 2021, nígbà tí òtútù mú Texas tí iná sì lọ káàkiri: omi tí wọn kò fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì di yìnyín, yìnyín wú, irin sì là. Ẹni tí ń tà á ní ọkọ̀ náà kàn ń sinmi ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ìsinmi àìnípẹ̀kun ni.

Ẹ̀kẹta nìkan ni ó gún régé. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é, lítà 5.7, agbára ẹṣin 310. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó sí àárín ọkọ̀ bí baálé ilé, gbogbo èrò sì yí i ká. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé, nítorí ìwúwo ẹ̀yìn ń mú kí ìgbì tóbi, ìdí sì nìyẹn tí owó irú èyí, tí tirẹ̀ wà láàárín, kò fi wọ́n tó tiwọn. Ará Ìlá yí sìkúrúdíráfà rẹ̀, ó ń fi èkù rẹ̀ kan ìdí ọkọ̀ náà, ó ń tẹ́tí bí onílù tí ń wá ohùn: kó, kó, kó. Ó ní bí igi inú rẹ̀ bá ti jẹrà ni, "bọ̀" ni yóò máa dún. Ó wọn agbára sìlíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ku owó. Wọ́n pè é ní 16,000, mo ní 9,000. Ọkùnrin náà kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín, ó kàn ń fa aṣọ bo ọkọ̀ rẹ̀. Mo bá yíjú padà, mo ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí bàtà ń há, mo ń retí pé yóò ké sí mi gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ọjà ti máa ń ṣe. Mo dé ìdí mọ́tò, kò pè mí. Mo wo ẹ̀yìn. Ó juwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀.

Ìyá Délé sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ó fi padà dé: 14,700, pẹ̀lú okùn, àpò omi méjì àti ohun tí a ó fi wọ́ ọ lọ sílé. Mo bi í pé ọgbọ́n wo ni ó dá. Ó ní, "Bàbá Délé, ọkọ̀ ni ẹ̀yin ń rà. Ọjà ni èmi ń ná."

Kì í ṣe pé ìnáwó parí síbẹ̀. Owó orí ìjọba, 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 918 dọ́là àti sẹ́ǹtì 75. Sienna, mọ́tò wa, kò gbọdọ̀ wọ́ ju pọ́ùn 3,500 lọ, ọkọ̀ náà àti tírélà rẹ̀ sì ti kọjá 4,000, nítorí náà pick-up ará Ìlá ni a ń tọrọ ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran.

Òfin Texas ní bí kò bá sí díńgí tí a fi ń wo ẹ̀yìn nínú ọkọ̀, ẹni tí ó ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ máa wo ẹni tí à ń fà. Ọdún 12 ni Tóbi, díńgí wa sì ti fọ́, ni Ìyá Délé bá gba iṣẹ́ náà. Ó jókòó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń jó gálọ́ọ̀nù epo lójú mi, ó ń sọ pé kí n tún tẹ iná. Èmi ti wọ ẹ̀wù amúniléfòó tèmi láti ilé. Mo wọ̀ ọ́ nínú pick-up pàápàá.

Nígbà tí Délé kọ́kọ́ fò lórí ìgbì, mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mo sì kọ fóònù sí Délé. Ó wò ó títí.

"Ta ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀ yẹn?"

"Délé ni, Mọ́mì."

"Kí ló ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti V8, mo sọ ti ẹṣin 310, mo sọ ti omi tí a bù sínú ọkọ̀ fúnra wa. Ó ní àwọn ọlọ́kọ̀ létí ọ̀sà, 40 péré ni ẹ́ńjìnnì wọn, òun àti apẹ̀rẹ̀ òun àti èrò mẹ́wàá ni wọ́n sì ń kó. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù súnmọ́ ojú, ó ń wo ilẹ̀ ọkọ̀ wa láti igun dé igun.

"Ẹja mélòó ni ẹ wá rí?"